Agbo Ilé: Ààyè Ara, Ààyè Ẹ̀mí

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ayẹyẹ ọdún ìbílẹ̀, agbègbè Tchaourou

  

Lásìkò ọdún báyìí, ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà máa ń bi ọ̀dọ́ tí wọn kò dá mọ̀: "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Wọn kì í béèrè nọ́ńbà ilé, wọn kì í sì í béèrè orúkọ títì. Agbo ilé ni wọ́n ń béèrè. Bí ọmọ náà bá ti dáhùn, wọ́n ti mọ bàbá rẹ̀ àgbà, wọ́n ti mọ oríkì rẹ̀, wọ́n ti mọ èèwọ̀ ilé wọn, wọ́n sì ti mọ ibi tó yẹ kó jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ilé tí wọ́n ń wò yẹn gan-an: bí àwọn baba ṣe tò ó, iṣẹ́ tí ibì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń ṣe fún ara àti fún ẹ̀mí, àti bí ó ṣe lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi sí i.

Ilẹ̀ kí ó tó di ilé

Kọ́múùnù Tchaourou fẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 7,256 níbùú lóròó, ó sì ní àrọ́ńdísímà méje: Tchaourou, Tchatchou, Bétérou, Alafiarou, Goro, Kika àti Sanson. Nígbà ìkànìyàn 2013, ènìyàn 223,138 ni wọ́n kà níbẹ̀. Nàgó, Baríbá, Fúlàní àti àwọn ẹ̀yà mìíràn jọ ń gbé ibẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú bí ó ṣe ń kọ́lé. Èdè Nàgó ibẹ̀ àti ti Ṣábẹ̀ fara pẹ́ra, ètò agbo ilé wọn náà sì jọra.

Ní ìṣẹ̀dálẹ̀, kò sí ẹni tí ń ṣàdédé gbé ọkọ́ kó máa gbẹ́ ìpìlẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bi ilẹ̀ léèrè. Wọ́n á ta omi tútù sílẹ̀, wọ́n á da obì, wọ́n á dárúkọ àwọn tó ti kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Bí obì bá yàn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá yàn, wọ́n á sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Lónìí, mùsùlùmí á pe ààfáà kó ṣe àdúà, onígbàgbọ́ á pe pásítọ̀ tàbí fadá kó gbàdúrà síbẹ̀. Ọ̀nà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan náà ni: ènìyàn kò ni ilẹ̀, ó bá ilẹ̀ níbẹ̀ ni, ó sì yẹ kó tọrọ ààyè.

Àgbà tó ń da obì yẹn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀. Ó ń wo ibi tí omi òjò máa ń dúró sí. Ó ń wo apá tí ìjì òjò ti máa ń wá, kó má baà kọjú ilẹ̀kùn sí i. Ó ń wo apá tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ eruku bọ̀ láti òkè. Ó ń wo igi tí wọn kò gbọ́dọ̀ gé nítorí ìbòòji rẹ̀. Ìwádìí tó ṣe fún ẹ̀mí àti èyí tó ṣe fún ara, ìwádìí kan náà ni, ọjọ́ kan náà ló sì ṣe é.

Láti ìta dé ẹ̀yìnkùlé

Ká ní àlejò kan dé agbo ilé àtijọ́ lónìí. Iwájú ilé ló máa kọ́kọ́ bá. Ilẹ̀ gbalasa ni, igi kan sì lè wà níbẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni eégún ti ń jó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá àgbàdo sí oòrùn. Ilé ló ni ín, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń lò ó.

Ẹnu ọ̀nà ló kàn. Nínú ilé olórìṣà, òkúta yangí kan máa ń wà níbẹ̀ fún Èṣù, ẹni tí ń ṣọ́ oríta àti ẹnu ọ̀nà, tó ń mú ọ̀rọ̀ lọ tó ń mú u bọ̀. Ẹnu ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ti ń da omi sí ìyàwó tuntun lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé ọkọ. Ẹsẹ̀ tó kó eruku ilé bàbá rẹ̀ wá ń tutù níbẹ̀ kó tó tẹ ilẹ̀ ilé ọkọ.

Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ni ìloro. Ó ní òrùlé, ó ní ibi ìjókòó tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Àlejò ń dúró níbẹ̀, wọ́n ń bu omi fún un, wọ́n ń ki í, wọ́n ń mọ ohun tó bá wá kó tó rí inú ilé. Ẹni tó ń kọjá ní títì kò lè rí ohun tí àwọn obìnrin ń ṣe nínú. Ìloro ń gba àlejò, ó sì ń dáàbò bo onílé.

Àgbàlá ló wà láàárín. Àwọn yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá kọ̀ọ̀kan, etí òrùlé sì ta síta kí òjò má baà nà ògiri amọ̀. Ní àwọn ilé tí òrùlé wọn pàdé yíká, omi òjò ń ṣàn wá sí àárín, wọ́n á sì gbé ìkòkò sí abẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ àgbàlá ni gbogbo yàrá ń lò, atẹ́gùn rẹ̀ náà ni wọ́n ń mí. Nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, nígbà tí ooru Borgou bá mú, àwọn ọmọ ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn.

Àgbàlá yìí náà ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Níbẹ̀ ni ẹbí ìyàwó àti ẹbí ọkọ ti ń pàdé. Níbẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ àgbà sí bí ó bá re ibi àgbà á rè. Nínú ilé mùsùlùmí, níbẹ̀ ni bùta àlùwàlá wà, níbẹ̀ sì ni wọ́n ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Ẹni tó bá fẹ́ ka iye ìgbà tí ayé ẹnì kan yí padà, yóò rí i pé àgbàlá ni ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Yàrá baálé máa ń wà níbi tí yóò ti rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Láyé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin àwọn baba sí, nínú yàrá tí wọ́n gbé tàbí lẹ́bàá rẹ̀. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ìlera, wọ́n sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa sin òkú sí itẹ́. Síbẹ̀, oórì púpọ̀ ṣì wà nínú àwọn agbo ilé, àwọn ọmọ sì mọ ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ dáná sí àti ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ da omi ìfọṣọ sí. Ní ìyẹ̀wù àwọn ìyá, ère ìbejì lè wà fún èyí tó lọ nínú àwọn méjì. Ní agbo ilé àwọn alágbẹ̀dẹ àti ọdẹ, Ògún ní ojúbọ tirẹ̀, pèrègún ló sì máa ń ṣe àmì rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ibi ìdáná àti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ń gbé ààrò sí apá tí atẹ́gùn kò ti ní gbé iná lọ sórí koríko òrùlé. Ẹ̀yìnkùlé ni ibi ìwẹ̀, ewé ọbẹ̀, ewé àgbo àti ààtàn wà. Ẹ̀yìnkùlé yìí kan náà ni wọ́n máa ń ri ibi ọmọ mọ́ nígbà tí ìyá bá bímọ. Nítorí náà, nígbà tí Nàgó kan tó wà ní Libreville tàbí Paris bá ní òun ní ilé ní Tchaourou, òótọ́ tó hàn sí ojú ló ń sọ: apá kan lára rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀.

Ibi tó ṣófo

Bí a bá wo agbo ilé yìí dáadáa, ibi mẹ́ta nínú rẹ̀ ló dà bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀: iwájú ilé, àgbàlá, ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó ń kọjá á rí yàrá, á rí ògiri, á rí òrùlé, á ní ilé nìyẹn. Á wo àgbàlá, á ní ilẹ̀ òfìfo ni. Onílé sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló kún jù. Yàrá ń gba ẹnì kan tàbí ẹni méjì. Àgbàlá ń gba gbogbo ẹbí, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tó ti lọ. Bí yàrá bá wó, ènìyàn lè tún un mọ. Bí wọ́n bá gba àgbàlá lọ, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ tún un mọ mọ́.

Kì í ṣe àwọn Nàgó nìkan ló mọ èyí. Ní Atacora níhìn-ín, àwọn Batammariba ń kọ́ ilé amọ̀ alájà tí àwọn ènìyàn ń pè ní tata. Ẹran ọ̀sìn ń gbé ìsàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, àká ọkà sì wà lókè pẹ̀lú. Wọ́n ń fi amọ̀ mọ ojúbọ àwọn baba ńlá sí iwájú ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wọlé ti bá wọn pàdé kó tó bá alààyè. UNESCO kọ Koutammakou, ilẹ̀ wọn tó wà ní Tógò, sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2004. Ní 2023, wọ́n fi apá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin kún un.

Ní ọ̀nà jíjìn, ní erékùṣù Bali ní ilẹ̀ Indonéṣíà, ètò agbo ilé wọn yóò ya ará Tchaourou lẹ́nu. Ògiri yí agbo ilé ká. Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà ni ògiri kékeré kan wà tí ẹni tó ń wọlé gbọ́dọ̀ yà fún, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀mí burúkú kò mọ̀ ọ́n yà, tààrà ló ń rìn. Ojúbọ ìdílé wà ní igun tó wà ní apá òkè ńlá àti ìlà oòrùn. Ibi ìdáná wà ní apá òkun. Ara olórí ìdílé fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n fi ń wọn bí ilé yóò ṣe tóbi tó. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni àgbàlá kan wà tí wọn kò kọ́ nǹkan sí, tí wọ́n ń pè ní natah. Lójú wọn, ibẹ̀ ni ọ̀run àti ilẹ̀ ti pàdé. Ará Bali kò mọ Ṣábẹ̀, ará Ṣábẹ̀ kò mọ Bali, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì fi àárín ilé sílẹ̀ ní òfìfo.

Ohun tó ń yí padà

Ojú irin tó gba Ṣábẹ̀ àti Tchaourou kọjá dé Parakou ní 1936. Láti ìgbà náà ni ẹrù tó wúwo ti rọrùn láti gbé wá láti etíkun, páànù àti sìmẹ́ǹtì sì wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó bú páànù. Òrùlé koríko ń gbiná, ó ń jẹrà, ọwọ́ tí ń ṣe é sì ti ń dín kù. Ògiri búlọ́ọ̀kù kò bẹ̀rù òjò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára gba ẹ̀mí ọmọ là. Àwọn baba pàápàá, bí wọ́n bá rí i, wọ́n á lò ó.

Ohun tó ń dun àwọn àgbà kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Ètò ilé tó ń parẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni. Ọmọ kan rí owó, ó wó yàrá bàbá rẹ̀, ó kọ́ ilé ọlọ́nà àárín, yàrá méta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Àbúrò rẹ̀ mọ ògiri yí ìpín tirẹ̀ ká, ó fi géètì irin sí i. Ẹ̀gbọ́n kejì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tuntun dé, wọ́n ní láti yá àga àti ìbòrí, kí wọ́n sì dí títì kí wọ́n tó lè sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá àgbà tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó máa ń rí gbogbo ọmọ ilé, wà nínú yàrá nìkan, òun àti ooru páànù. Àwọn ọmọ méjì tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà lè dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n má mọ ara wọn dáadáa, nítorí ògiri ló wà láàárín wọn níbi tí àgbàlá wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kejì ni pípín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tù, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí lotissement. Ìlú tó ń dàgbà nílò rẹ̀. Títì gbọ́dọ̀ gba ibì kan kọjá, omi àti iná gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé. Ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ tó wá láti ibòmíràn ń wo ilẹ̀ bí àlejò ṣe ń wò ó. Ó rí yàrá, ó yà fún un, nítorí ó mọ̀ pé wíwó rẹ̀ yóò ná ìjọba lówó. Ó rí àgbàlá, ó ní ilẹ̀ òfìfo ni, ó ri òpó rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Lórí ìwé rẹ̀, ó ti ṣe oore. Nínú agbo ilé, ó ti gba àárín gbùngbùn ilé lọ, bóyá oórì kan sì wà lábẹ́ títì báyìí. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ará ìlú àti kọ́múùnù, nígbà tí ẹnu ṣì lè yanjú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ṣeé ṣe

Ọwọ́ ẹbí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà. Kí baálé tó ṣì mọ ilé tó lọ, kí wọ́n jókòó tì í. Kí ọmọ tó mọ̀wé gbé ìwé àti bírò, kó ya agbo ilé náà bí ó ṣe wà: ẹnu ọ̀nà níhìn-ín, oórì bàbá àgbà níhìn-ín, ojúbọ níhìn-ín, àgbàlá báyìí, ẹ̀yìnkùlé báyìí. Kí gbogbo ìdílé fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ogún, kí wọ́n pín yàrá, kí wọ́n sì fi àgbàlá sílẹ̀ fún gbogbo ilé. Òfin ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin ti 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, fún ẹni tó ni ilẹ̀ nípa ìṣẹ̀dálẹ̀ ní àǹfààní láti gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Ẹbí tó bá ti ya ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ohun tí yóò mú dání lọ.

Ọwọ́ àwọn aláṣẹ ni èkejì wà. Kí òpó awọnlẹ̀ kankan tó wọlẹ̀, kí olórí àdúgbò, baálé àti awọnlẹ̀ jọ rìn yí agbo ilé ká ní òwúrọ̀ kan. Ìbéèrè kan péré ni kí wọ́n bi baálé: "Èwo nínú ilẹ̀ òfìfo yìí ni kò ṣófo?" Òwúrọ̀ kan kò pọ̀ jù lára ẹjọ́ tí yóò gba ọdún púpọ̀. Orílẹ̀-èdè yìí ti ṣe òfin tó dáàbò bo ohun àjogúnbá àṣà, òfin kò sì sọ pé ààfin ọba nìkan ni ohun àjogúnbá.

Ọwọ́ àwọn bíríkìlà àti àwọn ọmọ tó ń rán owó wálé ni ẹ̀kẹta wà. Búlọ́ọ̀kù lè ní ìloro. Páànù lè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú, kí ìyá àgbà lè rí ìta. Yàrá mẹ́fà tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àárín lè yí àgbàlá ká, iye búlọ́ọ̀kù kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, afẹ́fẹ́ á sì wọ yàrá kọ̀ọ̀kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀sìn, kò yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Ẹbí tí kò bọ Ògún mọ́ lè fi pèrègún rẹ̀ sílẹ̀ kó máa hù. Mùsùlùmí lè ṣe àdúà fún bàbá àgbà lẹ́bàá oórì rẹ̀. Ọmọ ìjọ Ọlọ́run lè sọ ọmọ lórúkọ ní àgbàlá pẹ̀lú Bíbélì. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní agbègbè Tchaourou, ẹ̀sìn méjì tàbí mẹ́ta ló wà lábẹ́ òrùlé kan, àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń jẹun ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara da ara wọn.

Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn àgbà yóò tún bi ọ̀dọ́ kan pé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Kí ó má ṣe jẹ́ pé nọ́ńbà púlọ́ọ̀tù ni yóò fi dáhùn. Kó lè nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà kan, kó ní, "Ilé wa nìyẹn. Ẹ wọlé, ẹ jókòó ní àgbàlá."

Kí ilé wa má dahoro. Kí ọ̀nà wa má dí. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Àṣẹ.